Orí Karùn-ún: Àfòmọ́ Inú Ara Ẹran Afàyàfà Tí Ènìyàn Ń Sìn Nínú Ilé

Ohun tí àfòmọ́ jẹ́

Àwọn àgbà Yorùbá kíyè sí ewéko kan tí kì í hù láti inú ilẹ̀, tí ó jẹ́ pé orí ẹ̀ka igi ni ó ń jókòó sí, tí ó ń fa omi àti oúnjẹ lára igi náà, wọ́n sì sọ pé àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ni í bá tan. Orúkọ ewéko yìí ni orí yìí yá fún gbogbo ẹ̀dá tí ó bá ń gbé lára ẹ̀dá mìíràn tàbí nínú rẹ̀, tí ó ń jẹ lára rẹ̀, tí kò sì san ohunkóhun padà. Ẹ̀dá tí ó gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sára ni ìwé yìí yóò máa pè ní agbàlejò. Eégbọn àti yọ̀rọ̀ jẹ́ àfòmọ́ òde ara, ojú sì lè rí wọn. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ inú ara, ìyẹn aràn lóríṣiríṣi àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí gbogbo ara wọn kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, a máa farapamọ́ sínú ìfun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti ba nǹkan jẹ́ ni ẹni tí ó ni ẹran sábà máa ń mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹran afàyàfà ni orúkọ àpapọ̀ tí ó kó ejò, alángbá, ọmọńlé, ọ̀gà, awọ́nrínwọ́n, ìjàpá àti ọ̀nì pọ̀, ìyẹn àwọn ẹran tí ìpẹ́ tàbí èèpo líle bo ara wọn, tí ara wọn kò sì lè dá ooru ṣe bí ti ènìyàn, àfi kí wọ́n yá oòrùn nígbà tí òtútù bá mú wọn, kí wọ́n sì sá sí ibòji nígbà tí ooru bá pọ̀ jù. Nínú igbó, ó ṣòro láti rí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní àfòmọ́ kankan nínú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń jẹ, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń dàgbà láìṣàìsàn, nítorí pé àfòmọ́ tí ó bá pa igi tí ó gùn, òun náà yóò gbẹ. Ohun tí orí yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni kí aràn wà nínú ẹran, ọ̀tọ̀ ni kí aràn máa ṣe ẹran. Pé inú àgò tí ènìyàn kàn fún ẹran ni àlejò tí kò lágbára ti ń di ọ̀tá. Àti pé ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ tó kan ìgò oògùn.

Láti inú ihò ní pápá dé inú àgò onígíláàsì

Àpẹẹrẹ tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere ni òjòlá kékeré tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ń jẹ́ Python regius, èyí tí George Shaw, onímọ̀ ẹranko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe nínú ìwé ìmọ̀ ní ọdún 1802. Ejò yìí kì í sábà gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, kò ní oró, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ńṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, tí yóò fi orí pamọ́ sí àárín. Ilẹ̀ pápá láti Senegal títí dé Uganda ni ilé rẹ̀. Ní ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ejò yìí, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, àwọn olùsìn Dangbé, òrìṣà ejò, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n. Láti agbègbè yìí kan náà, ní Ghana, Togo àti Benin, ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí òjòlá kékeré fi di ọ̀kan lára àwọn ejò tí ènìyàn ń sìn jù lọ lágbàáyé. Àwọn ọdẹ a máa wú abo tí ó lóyún, tàbí ẹyin rẹ̀, láti inú ihò eku àti ọ̀gán. Àwọn oníṣòwò a máa tọ́jú ẹyin náà títí yóò fi pa, wọn a sì kó àwọn ọmọ ejò lọ sókè òkun pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, là sílẹ̀. Àgbà ejò tí wọ́n mú tààrà láti inú igbó náà kò ṣàì sí lára ọjà yìí.

Nínú pápá, òjòlá tí ó bá yàgbẹ́ síbì kan lè máà padà síbẹ̀ mọ́ fún oṣù mélòó kan. Oòrùn yóò gbẹ ìgbẹ́ náà, kòkòrò yóò jẹ ẹ́, òjò yóò gbá a lọ, díẹ̀ péré ni yóò sì kù nínú ẹyin aràn inú rẹ̀ tí yóò rí agbàlejò tuntun. Nínú àgò tí kò gùn ju mítà kan lọ, ojú kan náà ni ìgbẹ́, abọ́ omi, oúnjẹ àti ibùsùn ejò wà, nítorí náà ẹyin tí ó jáde lónìí lè padà wọ inú ẹran kan náà lọ́la, tí aràn mẹ́wàá yóò fi di ọgọ́rùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú aràn tuntun wọlé. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, ejò tí wọ́n dì sínú àpò, tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn nínú àpótí, tí kò rí omi mu, tí òtútù sì mú nínú ọkọ̀ òfuurufú, ti pàdánù púpọ̀ nínú agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àfòmọ́ jà, nítorí pé inú ooru tí ó bá a mu nìkan ni àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ẹran afàyàfà ti lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Bí àfòmọ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ẹran ń dín kù; ibi tí ọ̀nà méjèèjì yìí ti pàdé ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí àfòmọ́ ń gbà dé inú agbàlejò

Ọ̀nà méjì ni àfòmọ́ inú ara ń gbà. Èkínní ni ọ̀nà tààrà, nínú èyí tí ẹyin tàbí ìdin àfòmọ́ yóò jáde nínú ìgbẹ́, tí ẹran mìíràn tàbí ẹran kan náà yóò sì gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ tàbí omi. Èkejì ni ọ̀nà tí ó ní alágbàtà, nínú èyí tí ẹyin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀dá mìíràn, bíi eku, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí kòkòrò, kí ó dàgbà díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹran afàyàfà tó wá pa alágbàtà náà jẹ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an fún olùtọ́jú, nítorí pé àfòmọ́ ọ̀nà tààrà lè pọ̀ láìlópin nínú àgò ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n àfòmọ́ alágbàtà kì í lè pọ̀ sí i níbẹ̀ bí alágbàtà kò bá wọlé.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn sòbìà ní ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ìlànà yìí tẹ́lẹ̀. Inú kòkòrò omi kékeré ni ìdin sòbìà ń gbé kí ènìyàn tó mu ún mọ́ omi odò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn náà yóò dá ẹsẹ̀ lu, yóò sì tú ìdin tuntun sínú omi nígbà tí aláìsàn bá ki ẹsẹ̀ bọ odò. Kò sí oògùn kankan tí ó ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀, Nàìjíríà tí ó ní aláìsàn sòbìà tí ó ju 600,000 lọ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 kò rí òmíràn mọ́ lẹ́yìn ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àti ìkìlọ̀ pé kí aláìsàn má wọ odò, ni wọ́n fi já okùn tí ó so àfòmọ́ mọ́ agbàlejò. Ọ̀nà kan náà ni ó wà fún ẹran inú àgò: ẹni tí ó bá mọ ibi tí okùn náà gbà ni ó mọ ibi tí yóò ti já a.

Àwọn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ

Aràn wẹ́wẹ́ tí ó dà bí abẹ́rẹ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní oxyurid, ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ìfun ìjàpá àti nínú alángbá onírùngbọ̀n ilẹ̀ Ọsirélíà, Pogona vitticeps, tí àwọn ènìyàn ń sìn káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tààrà ni ó ń gbà. Ìjàpá kò ṣàjèjì sí agboolé Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ń pè ní Àlàgbà, tí ó gbé ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́ títí tí ó fi kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ti fi hàn. Inú ẹran tí ń jẹ koríko bẹ́ẹ̀ sì ni díẹ̀ nínú aràn yìí sábà máa ń wà láìṣe é ní ibi. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ gbà pé ó lè máa ran ìjàpá lọ́wọ́ láti da koríko líle pọ̀ nínú ìfun. Ìgbà tí ó bá pọ̀ jù, pàápàá lára ọmọ tí kò tíì dàgbà, ni ó ń dí ìfun, tí ẹran kò sì ní fẹ́ jẹun mọ́.

Aràn ńlá tí ó funfun, tí ó gùn bí okùn bàtà, a máa wà nínú ejò àti ìjàpá. Irú èyí tí ó wà nínú òjòlá, tí ń jẹ́ Ophidascaris, a máa ki orí bọ ara àpòlúkù, tí egbò yóò sì wà níbi tí ó ki orí bọ̀. Kalicephalus, tí ó jẹ́ aràn oníkọ̀ọ́ ti ejò, a máa dá ìfun lu, ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Rhabdias ní tirẹ̀ ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró ejò: ejò yóò wú ẹyin rẹ̀ sókè sí ẹnu, yóò gbé e mì padà, ìdin yóò sì bá ìgbẹ́ jáde, láti ibẹ̀ ni yóò ti gba ẹnu tàbí awọ ara wọ inú agbàlejò mìíràn. Ejò tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún fún un a máa la ẹnu mí, itọ́ yíyi a sì máa hó ní ẹnu rẹ̀. Aràn pẹlẹbẹ bíi ọ̀já, tí ara rẹ̀ pín sí ìpele ìpele, náà wọ́pọ̀ nínú ejò tí wọ́n mú nínú igbó, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó nílò alágbàtà, kì í sábà gbilẹ̀ nínú ilé tí ejò ti ń jẹ eku tí wọ́n sìn.

Ọ̀kan wà tí ó yàtọ̀ pátápátá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pentastome. Bí ènìyàn bá rí i, yóò pè é ní aràn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àbùdá rẹ̀ ti fi hàn pé ìbátan akàn àti edé ni. Armillifer armillatus, tí ó ń gbé ẹ̀dọ̀fóró erè àti paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ní òrùka òrùka lára bí ẹ̀gbà ọwọ́, kọ̀ọ́ sì wà ní ẹnu rẹ̀ tí ó fi ń di ẹran mú. Eku ni alágbàtà rẹ̀. Ewu tí ó wà nínú gbígbé irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn hàn ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí erè ilẹ̀ Burma, tí ó ti ọwọ́ òwò ẹran ọ̀sìn dé inú irà, ti mú Raillietiella orientalis wọlé láti Éṣíà, tí àfòmọ́ náà sì ti ń gbé ẹ̀dọ̀fóró àwọn ejò ìbílẹ̀ tí wọn kò mọ irú rẹ̀ rí.

Àwọn onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó ṣòro jù láti rí, mẹ́ta nínú wọn sì yẹ ní mímọ̀ dáadáa. Èkínní, Isospora amphiboluri, a máa gbé ìfun alángbá onírùngbọ̀n, ó sì lè fún ọmọ alángbá náà ní ìgbẹ́ gbuuru títí yóò fi rù kan egungun. Èkejì, Cryptosporidium, ni ẹ̀rù ń ba àwọn olùsìn jù lọ. Cryptosporidium serpentis ń mú kí ògiri àpòlúkù ejò nípọn, tí ejò yóò fi máa pọ oúnjẹ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ó jẹ ẹ́, tí àárín ara rẹ̀ yóò sì wú bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹran mì. Èyí tí ó ń ṣe ọmọńlé, C. varanii, a máa jẹ ọ̀rá inú ìrù rẹ̀ run. Ìrù tí ó ti sanra bí ìka àgbàlagbà yóò di bí igi ìṣáná, bí ẹran náà tilẹ̀ ń jẹun. Ẹ̀kẹta, Entamoeba invadens, ni ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù wà nínú rẹ̀: nínú ìfun ìjàpá, ó lè gbé láìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ejò bá mu omi tí ìgbẹ́ ìjàpá yẹn kàn, yóò ba ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, wọn kò gbọdọ̀ sin ìjàpá àti ejò pọ̀ láé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ fi abọ́ kan náà fún wọn ní omi.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́

Ẹran afàyàfà kì í tètè fi àìsàn hàn, nítorí pé nínú igbó, ẹran tí ó bá ń ṣe ọ̀lẹ ni ọ̀tá ń kọ́kọ́ pa. Rírù, àìjẹun, pípọ oúnjẹ, ìgbẹ́ omi tàbí ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, àti ojú tí ó jìn wọ inú, jẹ́ àmì tí ó ti pẹ́ kí ó tó yọ. Òṣùwọ̀n ibi ìdáná tí ń ka grámù sàn ju ojú lọ: ẹran tí wọ́n ń wọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, yóò ti fi ìṣòro rẹ̀ hàn nínú ìwé náà kí ó tó hàn lára rẹ̀.

Ìgbẹ́ ni ẹ̀rí tí ó dájú jù. Ohun tí ejò tàbí alángbá ń yà ní apá méjì: apá kan funfun bí ẹfun, èyí sì ni ìtọ̀ rẹ̀ tí ó ti dì, apá kejì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú, èyí sì ni ìgbẹ́ gan-an tí dókítà ẹranko nílò. Olùtọ́jú yóò mú èyí tí kò tíì pé wákàtí 24, yóò fi sínú ike kékeré tí ó ní ìdérí kí ó má bàa gbẹ, bí ọ̀nà bá sì jìn, inú fìríìjì ni yóò fi í pamọ́ sí, kì í ṣe inú fíríìsà, nítorí pé yìnyín a máa fọ́ ẹyin aràn, a sì máa pa àwọn tí ó yẹ kí wọ́n rí ní ààyè.

Ní yàrá àyẹ̀wò, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń lò. Nínú ti àkọ́kọ́, wọn yóò po ìgbẹ́ bíńtín mọ́ ẹ̀kán omi oníyọ̀ kan lórí gíláàsì, wọn yóò fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, wọn yóò sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè rí àwọn onísẹ́ẹ̀lì kan tí ń lúwẹ̀ẹ́. Nínú èkejì, wọn yóò po ìgbẹ́ tí ó tó èso ẹ̀wà kan mọ́ omi ṣúgà tàbí omi iyọ̀ tí ó ki gan-an, wọn yóò sẹ́ ẹ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ títí tí omi yóò fi kún dé ẹnu, wọn yóò sì gbé gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Níwọ̀n bí ẹyin ọ̀pọ̀ aràn ti fúyẹ́ ju omi kíki yẹn lọ, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15 yóò ti léfòó, yóò sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì òkè. Ẹyin oxyurid yóò hàn bí èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́jú, tí èkejì tẹ̀ bí lẹ́tà D; ẹyin aràn ńlá yóò ní èèpo tí ó nípọn; ẹyin Rhabdias yóò ní ìdin tí ń yí nínú rẹ̀. Cryptosporidium kò rọrùn láti rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ aró pàtàkì tàbí àyẹ̀wò àbùdá. Nítorí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ẹyin ń jáde, àyẹ̀wò kan tí kò rí nǹkan kò tíì fi hàn pé nǹkan kò sí. Mẹ́ta tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fini lọ́kàn balẹ̀.

Èyí tí ó tún gba ọgbọ́n ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí maikirosíkóòpù bá fi hàn ni ti ẹran náà. Ejò tí ó jẹ eku yóò yàgbẹ́ tí ẹyin aràn eku àti yọ̀rọ̀ ara eku wà nínú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n kàn bá a kọjá ni. Ẹni tí ó bá fi oògùn lé irú aràn bẹ́ẹ̀ ti fún ẹran tí kò ṣàìsàn ní májèlé lásán.

Oògùn àti ewu inú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń lò fún ẹran yìí kò ṣàjèjì sí ilé oògùn ènìyàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu ti ń wá. Fenbendazole ni wọ́n ń fún ẹran tí aràn ọlọ́bọ̀rọ́, bíi oxyurid àti Kalicephalus, bá ń ṣe; praziquantel, tí wọ́n tún ń fún àwọn ọmọ tí àtọ̀sí ajá mú, ni ó ń lé aràn pẹlẹbẹ; metronidazole, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà mọ̀ sí Flagyl, ni wọ́n ń lò fún Entamoeba àti àwọn onísẹ́ẹ̀lì kan tí ń lúwẹ̀ẹ́; toltrazuril àti ponazuril wà fún Isospora. Bí ó bá pọ̀ jù, fenbendazole lè ba mùdùnmúdùn inú egungun tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, metronidazole sì lè ba iṣan ìmọ̀lára ejò jẹ́ títí tí kò fi ní lè gbé orí dúró mọ́. Ìwọ̀n ara ẹran ní grámù ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn, kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n, dókítà ẹranko tí ó mọ irú ẹran náà ni ó sì yẹ kí ó ṣe ìṣirò.

Ivermectin ni ìkìlọ̀ rẹ̀ le jù. Oògùn yìí, tí William Campbell àti Satoshi Ōmura gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2015, ti gba ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là lọ́wọ́ àrùn etí odò tí ń fọ́ni lójú, àwọn dókítà ẹranko sì ń lò ó fún àwọn ejò kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ìjàpá, ó ń rọ ọ́ lọ́wọ́, ó ń rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì lè dá èémí rẹ̀ dúró. Láti ọdún 1983 ni àwọn oníṣègùn ẹranko ti kéde èyí. Kò sí ìwọ̀n kékeré tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dán wò lára ìjàpá.

Kí wọ́n tó fún ẹran tí ó ti rù ní oògùn kankan, omi àti ooru ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un, nítorí pé ẹran tí ó tutù kò lè lo oògùn dáadáa, kíndìnrín tí kò rí omi kò sì lè gbé e jáde. Bí aràn púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, òkú wọn lè dí ìfun tàbí kí ó mú ara wú. Èyí ni ó fà á tí a kì í fi ìkánjú tọ́jú wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń tún oògùn náà fún un, nítorí pé oògùn àkọ́kọ́ pa àgbà aràn ṣùgbọ́n ó fi ẹyin sílẹ̀; lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò tún ìgbẹ́ yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Kò sí oògùn tí ó dájú fún Cryptosporidium ejò títí di ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni ti pentastome ṣòro, tí ó fi jẹ́ pé nígbà mìíràn ńṣe ni dókítà ń fi awò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí yóò sì máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Títún àgò ṣe

Ẹran tuntun gbọ́dọ̀ dá gbé fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, nínú yàrá mìíràn bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó tó dé ibi tí àwọn yòókù wà. Àgò ìyàsọ́tọ̀ yìí kò nílò ẹwà: ìwé ìròyìn ni wọn yóò tẹ́ sí ilẹ̀ rẹ̀ dípò ìyẹ̀pẹ̀ tàbí èèpo igi, nítorí pé ìgbẹ́ kò lè fara pamọ́ lórí ìwé, pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Páálí kan tí ejò yóò máa sá sí, tí wọn yóò sọ nù bí ó bá dọ̀tí, àti abọ́ omi kan ti tó. Òjòlá kékeré ń fẹ́ ibi tí ó gbóná tó nǹkan bí 31 sí 32 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ní ìhà kan àgò náà, àti ìhà kejì tí ó tutù díẹ̀, kí ó lè fúnra rẹ̀ yan èyí tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Ẹran tí ó wà ní ìyàsọ́tọ̀ ni olùtọ́jú yóò tọ́jú kẹ́yìn lójúmọ́, ẹ̀mú àti abọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan àgò mìíràn.

Ọjọ́ tí ìgbẹ́ bá jáde ni kí wọ́n kó o, nítorí pé ẹyin ọ̀pọ̀ aràn nílò ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó lè ran ẹran; ẹni tí ó bá kó o kíákíá ti gba ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ àfòmọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ àgò kí wọ́n tó da oògùn apakòkòrò sí i, nítorí pé ìdọ̀tí a máa bo ẹyin mọ́lẹ̀. Omi bulíìṣì kì í pa Cryptosporidium. Omi gbígbóná gan-an, ooru omi híhó àti gbígbẹ pátápátá ni ó ń ran olùtọ́jú lọ́wọ́, ohun tí igi tàbí páálí bá sì wà lára rẹ̀, jíjó ni ó yẹ ẹ́. Ní ti oúnjẹ, eku tí wọ́n sìn, tí wọ́n sì ti fi sínú fíríìsà dáadáa kí wọ́n tó yọ́ ọ, kò lè mú ìdin aràn pẹlẹbẹ tàbí ti pentastome wọlé ní ààyè. Ọ̀pọ̀lọ́ àti ọmọńlé tí ọmọdé mú lẹ́yìnkùlé kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Aáyán àti ìrẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ kò gbọdọ̀ sùn nínú àgò, nítorí pé wọn yóò rìn kọjá lórí ìgbẹ́, alángbá yóò sì jẹ wọ́n ní òwúrọ̀.

Ìlera àwọn tí ń gbé ilé náà

Cryptosporidium ejò àti ti ọmọńlé kì í sábà mú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni aràn oxyurid ìjàpá. Armillifer yàtọ̀: ẹyin rẹ̀ tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí ẹran ejò tí kò jinná, ti mú kí ìdin rẹ̀ wọ inú ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà sì wà lára wọn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe àfòmọ́ rárá, bí kò ṣe kòkòrò àrùn Salmonella tí ó lè wà nínú ìfun ẹran afàyàfà tí ara rẹ̀ le koko. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fi òfin de títa ìjàpá odò kéékèèké tí èèpo wọn kò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 ní ọdún 1975, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ti kó àrùn náà. Fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá fọwọ́ kan ẹran tàbí àgò, àti fífọ abọ́ ẹran níbi tí kì í ṣe ibi ìdáná, ni ààbò tí ó dájú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aboyún, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wọn láìsí ìṣọ́ra.

Ìwé kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí ẹran jẹun, ọjọ́ tí ó yàgbẹ́ àti ìwọ̀n grámù rẹ̀ sí, níye lórí ju ìgò oògùn tí wọ́n rà pamọ́ lọ. Kò sí olùtọ́jú tí ó lè sọ pé àfòmọ́ kan kò ní wọ ilé òun láé, kò sì pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀ kí ẹran tó lè ní àlàáfíà. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí iye wọn má ju agbára ẹran lọ. Nínú igbó, oòrùn, òjò àti ìrìn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún ejò. Nínú ilé, ọwọ́ ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn àgò mọ́ ọn ni iṣẹ́ náà kù sí.